Ọjọ́ Mẹ́ta ní Ìlú Kìíṣojúlásán

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọlọ́gbọ́n ayé. Láti àárọ̀ ni mo ti wà lórí àpótí mi yìí tí mò ń wò yín. Ẹ tó ogún ènìyàn tí ẹ pé jọ yí ìka ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ká, ẹ ń mi orí, ẹ ń pòṣé, ẹ ń gbìmọ̀, àfi bí ẹni pé ogun dé ẹnu odi.

Ọláníhùn, dìde kí wọ́n rí ọ dáadáa. Ọkùnrin yìí ni ìyàwó rẹ̀ bínú kó ẹrù lọ sí ilé bàbá rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀-Apá. Àna rẹ̀ ránṣẹ́ ní ìjẹta pé kó wá lónìí kí àwọn parí ìjà náà, pé bí oòrùn òní bá wọ̀ tí òun kò rí i, òun gbà pé kò fẹ́ ọmọ òun mọ́ nìyẹn. Ọláníhùn wẹ̀, ó para, ó wọ agbádá, ó gbé obì dání. Bí ó ti ń jáde, ó fi ẹsẹ̀ òsì kọ òkúta ẹnu ọ̀nà yẹn. Ó bá padà wọlé, ó bọ́ agbádá, ó jókòó. Ẹ̀yin ará ilé sì ní ó káre, pé ọmọ tó gbọ́n ni.

"Bàbá Ọdẹ," ni Ọláníhùn ń wí fún mi, "ẹsẹ̀ òsì ni o! Ẹsẹ̀ òsì mi kì í kọ lásán."

Mo gbọ́. Ẹsẹ̀ rẹ gbọ́n jù ọ́ lọ, ìdí nìyẹn tí òun fi wà nísàlẹ̀ tí ìwọ fi wà lókè. Ẹ má rẹ́rìn-ín, n kò pa yín lẹ́rìn-ín. Oòrùn ṣì ga, Ìsàlẹ̀-Apá kò sì jìnnà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún un kí n tó lé e jáde nílé yìí. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, kó fà mọ́ mi. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó bi ìka ẹsẹ̀ tirẹ̀ léèrè bóyá kó dìde tàbí kó jókòó.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Ọdẹ́rìndé. Èmi ni ẹfọ̀n rí nínú igbó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀. Èmi ni mo yìnbọn lẹ́ẹ̀kan tí ẹran mẹ́ta ṣubú, tí ẹ̀kẹrin wá bá mi pé kí n má bínú, òun pẹ́ lọ́nà. Ìyá Sùúlá, má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn, ìwọ kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, iṣẹ́ ọdẹ kọ́ ni mo fi lókìkí jù. Ìtumọ̀ ni. Kò sí àlá tí n kò lè tú, kò sí orúkọ tí n kò lè fọ́ sí wẹ́wẹ́, kò sí ẹyẹ tó lè ké lórí igi kí n má sọ ohun tó jẹ lánàá. Bí aláǹgbá bá já bọ́ láti òrùlé, èmi ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè. Mo ti lá àlá kan rí tí mo tú u tán kí n tó jí. Iṣu tí àwọn ènìyàn fi ń bẹ̀ mí kún inú àká.

Ìyá wa bí èmi, ó sì bí àbúrò mi ọkùnrin kan. Ẹsẹ̀ ni ọmọ náà kọ́kọ́ yọ nígbà tí wọ́n ń bí i, ẹ sì mọ̀ pé Ìgè ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń jẹ́. Mo wo orúkọ náà títí, mo ní ọmọ tó fi ẹsẹ̀ wá sáyé, ẹsẹ̀ ni yóò gbé e dé ibi ọlá. Ìgè rẹ́rìn-ín. Ẹ kò lè bá Ìgè sọ ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ rárá. Lọ́jọ́ kan tí a jọ ń lọ sóko, mo fi ẹsẹ̀ òsì kọ. Mo dúró, mo di ojú, mo ń ro ohun tí àwọn ará ọ̀run ń sọ fún mi. Ìgè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ibẹ̀, ó mú nǹkan náà, ó sọ ọ́ sínú igbó.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "òkúta ni."

Mo káàánú rẹ̀ gidigidi lọ́jọ́ náà.

Ní ọdún kan, Ìgè lọ ṣe ọdẹ ní Igbó Olóhùn. Ó ní òun yóò padà ní ọjọ́ karùn-ún. Ọjọ́ karùn-ún pé, a kò rí Ìgè. Ìyá wa ní kí n lọ wá a. Mo ní kó ṣe sùúrù kí n sùn lé ọ̀rọ̀ náà lórí ná. Mo sùn, mo lá àlá, mo rí Ìgè nínú aṣọ funfun, ó ń jẹ ìgbín. Mo jí, mo pe gbogbo agbo ilé jọ, mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, wọ́n ti fi Ìgè joyè ní ìlú kan, oyè náà ló dá a dúró. Inú gbogbo wọn dùn. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa kan tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bínú pé wọn kò fi ìwúyè náà lọ òun. Báyìí ni ọjọ́ mẹ́ta ṣe kọjá lọ.

Ní ọjọ́ kẹjọ, ìyá wa pè mí sí yàrá rẹ̀. Ó ti da oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀ fún ajá.

"Ọdẹ́rìndé," ó ní, "láti òní lọ, omi nìkan ni yóò gba ọ̀fun mi kọjá títí ojú mi yóò fi rí Ìgè. N kò bá ọ ṣeré. Ara mi kò gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ mọ́. Bí o bá fẹ́ bá mi láyé, tètè lọ, kí o sì tètè bọ̀."

Mo wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí títí, mo rí i pé kò ní òmíràn ju bí ó ṣe sọ ọ́ lọ. Ẹ̀rù bà mí. Mo gbé ìbọn, mo so àdá mọ́ ìdí, mo kó ataare sínú àpò, mo jáde.

Ní ọjọ́ kejì mo dé ẹnu Igbó Olóhùn. Ẹbọra kan jókòó sí àárín ọ̀nà níbẹ̀. Abèèrè ni orúkọ rẹ̀. Orí rẹ̀ tóbi ju ìkòkò aláró lọ, ojú mẹ́fà ló ní, mẹ́rin nínú wọn wà lórí orúnkún rẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ sì wọ́ nílẹ̀ débi pé ikán ti kọ́lé sínú rẹ̀.

"Ìwọ ọmọ ènìyàn!" ni Abèèrè ké mọ́ mi. "Ẹnikẹ́ni kì í kọjá lọ́dọ̀ mi láìdáhùn ìbéèrè. Bí o bá gbà á, o kọjá. Bí o bá ṣì í, o di ẹṣin mi."

Mo rẹ́rìn-ín sínú. Ìbéèrè kẹ̀? Fún èmi?

"Àwọn mẹ́ta kan ń bẹ," ó ní. "Wọ́n jókòó ti iná, wọn kò jóná. Wọ́n gbé ẹrù sórí, ọrùn kò wọ̀ wọ́n. Kí ni wọ́n?"

Mo tún ẹsẹ̀ tò, mo wú ikọ́. Mo ní ìbéèrè náà jinlẹ̀ ṣùgbọ́n mo ti mú un. Mo ní àwọn mẹ́ta náà ni àná, òní àti ọ̀la. Iná náà ni ayé tí a wà nínú rẹ̀. Ẹrù orí wọn ni ìpín ọmọ aráyé, tí ẹnìkan kò lè bá ẹnìkan sọ̀. Mo ṣàlàyé títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi. Abèèrè gbọ́ ọ tán, ó sì gbá mi létí.

"Ààrò ni!" ó ní. "Òkúta mẹ́ta tí ìyá rẹ fi ń dáná! Ṣé wọn kì í se oúnjẹ nílé yín ni?"

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe gun ọrùn mi. Èmi tí ẹfọ̀n ń sá fún, mo gbé ẹbọra kiri inú igbó títí di ọjọ́ kejì, ó ń fi gìgísẹ̀ gbá mi ní ìhà, ó ń kọrin. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ó wo ojú mi, ó ní, "Ìwọ yìí, ẹ̀yìn nǹkan lo máa ń wò kí o tó wo iwájú rẹ̀." Ọ̀rọ̀ náà wù mí gan-an. Mo ní yóò ní ìtumọ̀ ìjìnlẹ̀ kan, mo sì ń rò ó bí mo ti ń lọ.

Ọjọ́ kẹta ìrìn mi nìyẹn. Mo dé ìdí igi àràbà ńlá kan, ni mo bá gbọ́ ohùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi o! Ọdẹ́rìndé o!"

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà mọ òfin yìí. A kì í jẹ́ ìpè ẹni tí a kò rí nínú igbó. Iwin lè fi ohùn ìyá ẹni pe ni. Ẹni tó bá ní "hùn" báyìí, ó bá wọn lọ nìyẹn. Bàbá wa ti kọ́ mi kí n tó mọ ìbọn kì. Mo bá dákẹ́, mo dúró gbọin.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni, Ìgè ni! Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ yín. Ẹsẹ̀ mi ti kán! Ẹ yà sọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ̀yìn àràbà ni mo wà!"

Ẹ ò rí ọgbọ́n iwin bí! Ó mọ orúkọ mi, ó mọ orúkọ àbúrò mi, ó tilẹ̀ mọ bí Ìgè ṣe máa ń wúkọ́ kó tó sọ̀rọ̀. Mo ní, "O múra dáadáa o, ṣùgbọ́n ẹni tí o fẹ́ mú gbọ́n jù ọ́ lọ." Mo jẹ ataare méje, mo dojú kọ ibi tí ohùn náà ti ń wá, mo sì da ọfọ̀ bò ó:

"A kì í pe òkúta kó jẹ́,
A kì í pe odò kó wẹ̀yìn.
Ọjọ́ tí adìyẹ bá jẹ́ ìpè àwòdì,
Ọjọ́ náà ni èmi yóò jẹ́ tìrẹ."

Ohùn náà dákẹ́. Mo gbọn èjìká mi, mo kí ara mi kú iṣẹ́. Nítorí pé ó ní kí n yà sọ́wọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì ni mo yà sí. Mo mọ ojú tí ẹ fi ń wò mí yẹn. Ẹ ṣì dákẹ́ ná.

Ọ̀nà òsì yẹn ló gbé mi dé Ìlú Kìíṣojúlásán. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti rí ìlú! Ẹyinjú àwọn ará ibẹ̀ yí sínú. Dúdú rẹ̀ kọjú sí ọpọlọ, funfun rẹ̀ ló kọjú síta, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń lá àlá lójú ọ̀nà ní ọ̀sán gangan. Nítorí náà wọ́n máa ń fi orí gbá ara wọn ṣáá. Bí méjì bá ti fi orí gbá ara wọn, ọ̀kan a ní, "Kì í ṣe ojú lásán!" Ìkejì a dáhùn pé, "Kò lè ṣe ojú lásán láé!" Wọn a wá jókòó sí àárín ọ̀nà, wọn a máa wá ìdí tó fi jẹ́ iwájú orí ni wọ́n fi gbá ara wọn tí kì í ṣe ìpàkọ́.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Tiwọn ni pé ohun tí bàbá ọmọ bá kọ́kọ́ rí lójú àlá lọ́jọ́ ìkómọ ni ọmọ yóò máa jẹ́. Ọkùnrin tó mú mi wọ ìlú ń jẹ́ Ewúrẹ́kọjá. Àbúrò rẹ̀ ń jẹ́ Ìkòkòfọ́. Gbogbo ìlú sì gbà pé Ìkòkòfọ́ kò ní dára láyé, nítorí náà ẹnikẹ́ni kì í gbé nǹkan lé e lọ́wọ́.

Mo bá ilé kan tó ń jó. Àwọn àgbà jókòó síwájú rẹ̀ lórí ẹní, wọ́n ń jiyàn lórí ìdí tí iná náà fi bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún. Àwọn obìnrin dúró pẹ̀lú omi lórí, wọ́n ń retí kí àwọn àgbà kọ́kọ́ sọ ohun tí omi túmọ̀ sí. Àgbà kan ní, "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i." Onílé ń sunkún, ó ní òun kì í ṣe ọba. Wọ́n ní, "Háà! Ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an nìyẹn, o máa jọba!" Ilé náà jó di eérú, wọ́n sì bá a yọ̀. Ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín. Àwọn wo ló jókòó yí ìka ẹsẹ̀ ká láti àárọ̀?

Wọ́n mú mi dé ọ̀dọ̀ ọba wọn, Alálàá. Ó bi mí ní orúkọ mi. Mo ní Ọdẹ́rìndé. Ọba fò dìde lórí ìtẹ́.

"Ọdẹ rìn, ó dé!" ó ké. "Mo sùn lánàá, mo rí ọdẹ kan tó rìn, tó sì dé! Kì í ṣe ojú lásán!"

"Kò lè ṣe ojú lásán láé!" ni gbogbo ààfin dáhùn.

Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n fi mí ṣe Olórí Atúmọ̀. Wọ́n tẹ́ awọ ẹkùn fún mi, wọ́n gbé ọ̀yà sísun síwájú mi, wọ́n ń wólẹ̀ bí mo bá sín. Bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní yẹn, mo jẹun yó, n kò rántí ìyá mi. Ó wà nílé tó ń mu omi, èmi ń yọ egungun ọ̀yà láàárín eyín.

Ní ọjọ́ kejì, mo sọ ìtàn ohùn inú igbó fún wọn, bí mo ṣe gbọ́n jù ú lọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọba ní ó dára, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ iwin sílẹ̀ láìtú u. Kí ni ohùn náà wí? Mo ní ó wí pé, "Ẹsẹ̀ mi ti kán." Ìjíròrò bẹ̀rẹ̀. Ewúrẹ́kọjá ní ẹsẹ̀ ni ìdílé, ìdílé kan fẹ́ pín sí méjì. Òmíràn ní ẹsẹ̀ ni ọjọ́, ọ̀sẹ̀ kan yóò dín ọjọ́ kan. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, a ṣì wà lórí ẹsẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, èmi Olórí Atúmọ̀ dìde láti dá ẹjọ́ náà. Mo ní àbúrò mi fi ẹsẹ̀ wá sáyé. Mo ní ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán kò ní fẹsẹ̀ rìn mọ́, ẹṣin ni yóò máa gùn. Àlá mi ṣẹ, Ìgè ti joyè! Ààfin mì. Ọba Alálàá sunkún ayọ̀.

Ìyá arúgbó kan wà tó ń gbá àgbàlá ààfin. Òun nìkan ni ojú rẹ̀ kọjú síta ní gbogbo ìlú náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé ìgbálẹ̀ fún un, nítorí ẹnìkan gbọ́dọ̀ rí ìdọ̀tí. Ó dúró, ó fi ọwọ́ ti ìbàdí.

"Ọmọ mi," ó ní, "èmi mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí."

Mo ní, "Ẹ wí, ìyá."

"Ó túmọ̀ sí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà la ẹnu láti rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde.

"Ìyá, iwin ló sọ ọ́," mo ní.

"Ohùn ta ni o gbọ́?"

"Ohùn àbúrò mi."

"Ta ni o wá wá nínú igbó?"

"Àbúrò mi."

"Níbo ló ní òun wà?"

"Ó ní ọwọ́ ọ̀tún, lẹ́yìn àràbà."

"Kí lo wá ń ṣe níbí, ìwọ òmùgọ̀ yìí?"

Ìtìjú mú mi, ẹ̀rù mú mi, inú bí mi sí ara mi débi pé mo fẹ́ bu ara mi jẹ. Mo gbé ìbọn mi, mo fò kúrò lórí awọ ẹkùn. Ọba Alálàá ké pé kí wọ́n dì mí mú, nítorí òun kò lá àlá pé ọdẹ padà lọ. Gbogbo wọn nawọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ojú rẹ̀ ń wo inú, kí ni yóò dì mú? Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n fi orí gbá ara wọn, wọ́n sì jókòó láti wá ìdí rẹ̀. Kò sí ẹni tó tún rántí mi.

Ní ẹnu odi, mo bá Abèèrè. Ó ti ga ju odi lọ báyìí, ojú rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń tàn. Ó na igi kan sí mi.

"Kí nìyí?"

"Igi ni."

Ó tutọ́ sílẹ̀. "Èyí ńkọ́?"

"Itọ́ ni. Kúrò lọ́nà!"

"Kí ló wà lẹ́yìn àràbà?"

"Àbúrò mi ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán."

Bí mo ti ń dáhùn ni ó ń kéré sí i, títí ó fi tó ọmọ ajá. Ó yà fún mi. "O gba gbogbo rẹ̀," ó ní, "ṣùgbọ́n o ti pẹ́."

Mo sá eré tí ìgalà kò sá rí. Mo dé ìdí àràbà, mo yà sọ́wọ́ ọ̀tún. Kòtò ọdẹ kan wà níbẹ̀, irú èyí tí àwọn ará àtijọ́ ń gbẹ́ fún erin. Mo wo inú rẹ̀. Ìgè jókòó nísàlẹ̀, ó ti rù hangogo, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ẹran gbígbẹ inú àpò rẹ̀ àti omi òjò ló fi mú ẹ̀mí ró. Ó gbé ojú sókè, ó rí mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ẹ kú ìrìn."

Ó kí mi o! Ìbá bú mi, ìbá rọ̀ mí lọ́rùn. Mo gé okùn igi, mo sọ̀kalẹ̀, mo fi igi di ẹsẹ̀ rẹ̀, mo gbé e pọ̀n, mo gòkè. A rìn títí a fi jáde kúrò nínú Igbó Olóhùn, ni Ìgè bá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi.

"Ọfọ̀ yín ìjọ́sí," ó ní, "ẹ gbàgbé ìlà kan."

Ẹsẹ̀ mi dúró. "Ìgè, o gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́ yín dáadáa. Ìlà tó kẹ́yìn, èyí tó ní kí ahọ́n olóhùn kó wọ ọ̀fun rẹ̀ lọ. Bàbá kì í fò ó. Ẹ ṣeun tí ẹ gbàgbé rẹ̀."

Mo bú sẹ́kún. Èmi Ọdẹ́rìndé, mo sunkún kíkorò lójú ọ̀nà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sunkún," ni Ìgè wí. "Bí ẹ ti ń gbọ̀n yẹn, ẹsẹ̀ ń dùn mí. Ìyá ńkọ́?"

"Ó ń retí rẹ," mo ní. Mo sì yára sí i.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbé e rìn. Ejò kọjá níwájú mi, n kò dúró. Òwìwí ké, mo ní kó máa ké. Mo fi ẹsẹ̀ òsì kọ, mo fi ọ̀tún kọ, èékánná mi ṣí, n kò wo ilẹ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án tí mo kúrò nílé ni mo tún dé ẹnu ọ̀nà ilé wa. Ẹnikẹ́ni kò sáré pàdé wa. Iyanrìn tutù wà nílẹ̀ yàrá ìyá wa.

Wọ́n ti sin ín lánàá.

Wọ́n ní títí dé ọjọ́ ìkẹyìn ló ń gbé orí sókè lórí ẹní bí ẹnìkan bá ti kọjá níta, tó ń béèrè pé, "Ṣé ìró ẹsẹ̀ wọn kọ́ nìyẹn?" Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú Ìgè lẹ́yìn mi. N kò mọ bí n ó ṣe sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Àwọn ará ilé yí wa ká. Wọ́n ní, "Ẹ ò rí i? Ìyá fi ẹ̀mí ara rẹ̀ pààrọ̀ ti Ìgè ni." Wọ́n ní ọjọ́ ọjà tí wọ́n bí i gan-an ló kú. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa mi orí, ó ní kì í ṣe ojú lásán. Ìgè, tí kò gbé ohùn sókè sí àgbà rí láyé rẹ̀, ké láti ẹ̀yìn mi.

"Ebi ni! Ebi ló pa á!"

Ìgè lo ọgbọ̀n ọdún sí i pẹ̀lú ọ̀pá kó tó kú. Ní gbogbo ọgbọ̀n ọdún náà, kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo gbọ́ ohùn òun. Wọ́n bi í léèrè títí, ó ní ọ̀nà jìn ni. Ẹ kò gbọ́ ọ rí, àbí? Òní ni mo ń sọ ọ́. Bí mo bá ti dáhùn lọ́jọ́ yẹn, ọjọ́ kẹfà ni à bá délé. Ìyá wa ì bá jẹun.

Ó tó. Ọláníhùn, oòrùn ti ń yí. Obìnrin kan jókòó sí ilé bàbá rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀-Apá, ó ń tẹ́tí sí ìró ẹsẹ̀. Bàbá rẹ̀ sọ ohun tí wọ́n fẹ́, kò pa á lówe. Ó ní wá. Kí ló tún kù tí o fẹ́ tú? Wọ agbádá rẹ. Ẹ bá a mú obì rẹ̀. Ẹ yà fún un, ẹ̀yin alámọ̀ràn.

Ó káre. Ẹ wò ó bó ṣe ń lọ. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà…

Yéè! Ó tún kọ ọ́! Ẹsẹ̀ òsì náà ni! Ẹ dákẹ́! Kí ẹnikẹ́ni má lanu nílé yìí! Ìyá Sùúlá, gbé ọwọ́ kúrò lórí. Ọláníhùn, má wo ojú mi. Ojú mi kọ́ lo fi kọ. Wo ilẹ̀. Kí lo rí?

"Bàbá… òkúta ni."

Ẹn-hẹ́n. Gbé e kúrò lójú ọ̀nà, kí ìyàwó rẹ má bàa fi ẹsẹ̀ kọ ọ́ bí ẹ bá ń bọ̀.